Ìtọ́jú Àìsàn Ọpọlọ Láàrin Ìlú: Láti Abúlé Arò Dé Fìdítì àti Ìlọrà

Ìtọ́jú àìsàn ọpọlọ láàrin ìlú ni ètò tí a fi ń wo ẹni tí ọpọlọ tàbí ọkàn rẹ̀ dàrú láì já a gbà kúrò lọ́wọ́ àwọn ẹbí rẹ̀, tí oníṣègùn, nọ́ọ̀sì, ará ilé àti àwọn àgbà ìlú fi ń fọwọ́ sowọ́ pọ̀ títí ara rẹ̀ yóò fi yá, tí yóò sì padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Ilẹ̀ Yorùbá wà lára àwọn ibi tí a ti kọ́kọ́ fi ètò yìí han gbogbo ayé, nígbà tí a dá a sílẹ̀ ní Arò, lẹ́bàá Abẹ́òkúta, ní ọdún 1954. Ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú rẹ̀ kò sì tíì tán lónìí fún Fìdítì, Ìlọrà àti àwọn ìlú yòókù ní ìjọba ìbílẹ̀ Afijió, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.

Ohun tí àwọn àgbà mọ̀

Àwọn baba wa kò fi gbogbo àìsàn ọpọlọ ṣe ọ̀kan náà. Wọ́n mọ wèrè aláṣọ, ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ ti dàrú ṣùgbọ́n tí ó ṣì ń gbé inú ilé, yàtọ̀ sí ẹni tí ó ti já sí ìgboro. Wọ́n mọ abísínwín, tí ń kọlu abiyamọ lẹ́yìn ìbímọ. Wọ́n mọ òde orí, tí ẹni tí ó ń ṣe yóò máa sọ pé ohun kan ń rìn kiri nínú orí òun. Wọ́n sì mọ ìrònú tí kì í jẹ́ kí ènìyàn jẹun tàbí kí ó sùn. Àwọn kan nínú àìsàn wọ̀nyí ni wọ́n kà sí àrùn ìran, àwọn mìíràn sí iṣẹ́ ayé tàbí ìbínú òrìṣà. Ní ti oògùn, ọwọ́ wọn kò ṣófo rárá, nítorí gbòǹgbò asofẹ́yẹjẹ ni àwọn onísègùn wa fi ń mú ara asínwín balẹ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀, nǹkan bí ọdún 1952 sì ni àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ rí i nínú igi ilẹ̀ Íńdíà kan tí òun àti asofẹ́yẹjẹ jẹ́ ọmọ ìyá, pé èròjà kan tí ń jẹ́ reserpine ń bẹ nínú rẹ̀, èyí tí àwọn ilé ìwòsàn ńlá ayé lò fún irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Síbẹ̀, a kò gbọdọ̀ fi ìyìn bo òkùnkùn mọ́lẹ̀. Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, ẹgba àti ebi ti bá oògùn náà rìn ní ọ̀pọ̀ agbo ilé, àwọn àgbà sì ti fi òwe sọ ìtìjú tí ó bo ọ̀ràn náà mọ́lẹ̀: wèrè dùn-ún wò, kò ṣé bí lọ́mọ. Bí ìyà ńlá bá gbéni sánlẹ̀, kéékèèké a máa gorí ẹni. Aláìsàn tí ọpọlọ ń yọ lẹ́nu a tún máa rù ẹ̀gàn, ìpatì àti ìfòyà àwọn ènìyàn lé e.

Àwọn ilé ìtọ́jú àkọ́kọ́

Ìjọba amúnisìn ṣí ilé àwọn asínwín ní Yábàá, ní Èkó, ní ọdún 1907. Ní ọdún 1944, wọ́n ṣí òmíràn ní Láńtòrò, ní Abẹ́òkúta, níbi tí a kó àwọn ọmọ ogun tí ogun àgbáyé kejì da ọpọlọ wọn rú sí. Ìhámọ́ ni àwọn ilé wọ̀nyí ju ìwòsàn lọ: ẹni tí ó bá wọ̀ ọ́, ẹbí rẹ̀ a máa gbàgbé rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ilẹ̀kùn ilé a sì ti padé mọ́ ọn kí ara rẹ̀ tó yá.

Abúlé Arò

Ẹni tí ó yí ọ̀ràn yìí padà ni Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ Ẹ̀gbá, ọmọ Lísàbí, tí a bí ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1923. Birmingham ni ó ti kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn, Lọ́ńdọ̀nù ni ó ti kọ́ nípa àìsàn ọpọlọ, ó sì padà wálé ní ọdún 1954 láti di olórí ilé ìwòsàn Arò. Kàkà tí ì bá fi dúró de ìgbà tí ilé ìwòsàn náà yóò parí, àwọn abúlé tí ó yí i ká ni ó tọ̀ lọ, ó sì bá àwọn baálé dìmọ̀ràn pé kí àwọn onílé gba aláìsàn sílé bí ayálégbé. Ẹbí kan, yálà ìyá, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò, gbọ́dọ̀ bá aláìsàn wá, kí ó máa dáná fún un, kí ó sì máa mú un lọ gba oògùn ní ilé ìwòsàn; bí ìtọ́jú bá parí fún ọjọ́ náà, wọn a padà sí abúlé, wọn a ṣiṣẹ́ oko, wọn a lọ sí ilé ìjọsìn, wọn a sì bá ará abúlé jó níbi ayẹyẹ.

Lambo tún pe àwọn onísègùn ìbílẹ̀ wọlé, kì í ṣe kí wọ́n máa fúnni lóògùn láìsí ìṣọ́ra, bí kò ṣe kí wọ́n lè ṣàlàyé ohun tí aláìsàn gbà gbọ́, kí wọ́n sì dá sí ìtọ́jú àti àwùjọ rẹ̀. Ní ọdún 1961 ó pe àpérò àkọ́kọ́ àwọn oníṣègùn ọpọlọ ilẹ̀ Áfíríkà sí Abẹ́òkúta. Lẹ́yìn náà ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Ìbàdàn àti olórí yunifásítì ibẹ̀, ó sì ṣe igbákejì olórí àgbà fún àjọ ìlera àgbáyé láti ọdún 1973 sí 1988. Ọdún 2004 ni ó jáde láyé. Ní Sẹ̀nẹ̀gà, Henri Collomb bẹ̀rẹ̀ irú ètò kan náà ní Fann, ní Dakar, tí ẹbí fi ń bá aláìsàn gbé ilé ìwòsàn; ní Geel ní Bẹ́ljíọ̀mù pẹ̀lú, àwọn ará ìlú ti ń gba aláìsàn ọpọlọ sí inú ilé wọn láti ọ̀rúndún pípẹ́. Ní orílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire, Benin àti Togo, Grégoire Ahongbonon, tí kì í ṣe oníṣègùn rárá, ti ń tú àwọn tí a so mọ́ igi sílẹ̀ láti ìgbà tí ó ti dá ẹgbẹ́ Saint-Camille sílẹ̀ ní Bouaké, ní Côte d'Ivoire, ní ọdún 1991.

Ohun tí ìwádìí fi hàn

Lambo àti Alexander Leighton, ará Amẹ́ríkà, wádìí àìsàn ọpọlọ láàrin àwọn Yorùbá, wọ́n sì gbé ìwé jáde lórí rẹ̀ ní ọdún 1963. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyè Gureje ti Ìbàdàn, ilé Olúyọ̀lé, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìwádìí tiwọn, wọ́n rí i ní ọdún 2006 pé nǹkan bí ènìyàn 12 nínú 100 ni àìsàn ọpọlọ kan ti ṣe rí láàrin ayé wọn, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó rí ìtọ́jú. Ní ọdún 2005, ìwádìí wọn ní ilẹ̀ Yorùbá ti fi hàn pé ẹ̀rù ń ba ọ̀pọ̀ ènìyàn láti bá aláìsàn ọpọlọ sọ̀rọ̀ lásán, tí ìdá kan nínú mẹ́fà péré sì sọ pé àwọn lè fẹ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2020 ni a ròyìn iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ní Ìbàdàn àti Kumasi, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ti ń bẹ àwọn onísègùn ìbílẹ̀ àti àwọn wòlíì wò ní ilé wọn, tí ara àwọn aláìsàn sì tipa bẹ́ẹ̀ yá ju ti àwọn tí a kò bẹ̀ wò lọ.

Fìdítì, Ìlọrà àti agbègbè wọn

Fìdítì, ìlú ọsàn àti ọ̀pẹ̀yìnbó, àti Ìlọrà, tí ìjọba Ìwọ̀-oòrùn dá oko ńlá sílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ àgbẹ̀ níbẹ̀, wà lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́. Ohun tí Lambo wá lọ sí abúlé ni ó wà nílẹ̀ fún wọn: agbo ilé tí ọ̀kan kì í sùn kí èkejì má mọ̀, ọba àti àwọn ìjòyè tí ọ̀rọ̀ wọn múlẹ̀, ìjọ, mọ́sálásí, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ọlọ́jà àti ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀. Ohun tí ó kù ni kí a so àwọn wọ̀nyí mọ́ ilé ìlera ìbílẹ̀, kí nọ́ọ̀sì ibẹ̀ kọ́ bí a ṣe ń mọ ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, wárápá àti ìsínwín, kí oògùn má ṣe tán nílé ìlera, kí nọ́ọ̀sì náà sì fi ẹni tí àìsàn rẹ̀ bá kọjá agbára rẹ̀ ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn Yunifásítì ní Ìbàdàn. Ẹgbẹ́ Asido Foundation ní Ìbàdàn wà lára àwọn tí ń la àwọn ènìyàn lọ́yẹ̀ pé àìsàn ọpọlọ kì í ṣe ohun ìtìjú. Ọjọ́ 10 oṣù Ọ̀wàrà sì ni a yà sọ́tọ̀ fún ìlera ọpọlọ káàkiri ayé láti ọdún 1992.

Òfin

Òfin ìgbà amúnisìn, tí a tún ṣe ní ọdún 1958, ni Nàìjíríà fi ń darí ọ̀ràn àìsàn ọpọlọ títí di ọdún 2023, nígbà tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ tuntun tí ó dáàbò bo ẹ̀tọ́ aláìsàn. Òfin nìkan kò lè tú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé tí ìjọba kì í dé. Ẹni tí ó bá jẹ́ ẹbí ni ó mọ ibi tí wọ́n so aláìsàn mọ́. Nítorí náà, bí oorun bá dá lójú ẹnìkan, tí ó ń sọ̀rọ̀ ikú ara rẹ̀, tàbí tí ó ń bá ohun tí ẹlòmíràn kò gbọ́ sọ̀rọ̀, kí ará ilé má ṣe fi í pamọ́, kí wọ́n má ṣe nà án, kí wọ́n bá a rìn dé ilé ìlera, kí wọ́n sì máa bá a rìn padà wálé títí ara rẹ̀ yóò fi le.