Ìjọ Kristi Láàárín Bùdó Méjì: Ìwà àti Ìrẹ́pọ̀ Onígbàgbọ́ ní Agbègbè Ìgbájọ láti Ìgbà Ogun Kírìjì

Ìrẹ́pọ̀ ọmọ ìjọ, ìyẹn ni pé kí àwọn tí wọ́n gba Kristi gbọ́ máa sìn pọ̀, kí wọ́n sì fọkàn tán ara wọn bí ìlú àti ìran wọn bá tilẹ̀ yàtọ̀, jẹ́ ọ̀ràn tí àwọn oníwàásù sábà máa ń gbé ka orí kẹtàdínlógún Ìhìnrere Jòhánù, níbi tí Jésù ti gbàdúrà fún àwọn ọmọ-ẹ̀yìn rẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ ọ̀kan. Ní Ìgbájọ, ìlú tí ó wà ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Bolúwadúró ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun lónìí, àti ní àwọn ìlú tí ó yí i ká, ọ̀ràn yìí ti di ohun tí wọ́n fi ojú rí kí ìjọ tó fìdí múlẹ̀ níbẹ̀, nítorí pé ní ẹ̀bá ìlú yìí gan-an ni ogun Kírìjì ti ja ilẹ̀ Yorùbá fún ọdún púpọ̀, tí àwọn onígbàgbọ́ sì wà lẹ́yìn ìhà méjèèjì.

Ogun náà, tí wọ́n fi ìró ìbọn ńlá sọ lórúkọ, ṣẹ̀ láti inú ìnira tí àwọn ìlú Ìjẹ̀ṣà, Èkìtì àti Ìgbómìnà rí lábẹ́ Ìbàdàn. Àwọn ajẹ́lẹ̀, ìyẹn àwọn aṣojú tí Ìbàdàn fi sí ìlú tí ó ti ṣẹ́gun láti máa gba ìṣákọ́lẹ̀ kí wọ́n sì máa ṣọ́ ọba ibẹ̀, ti fi ìwọra àti ìwà ipá sọ ara wọn di ẹni ìkórìíra, títí tí Fábùnmi, ọmọ Òkè-Ìmẹ̀sí, fi pa ajẹ́lẹ̀ ìlú rẹ̀ ní 1878, tí àwọn ìlú tí ó kù sì dìde tẹ̀lé e. Lẹ́yìn tí Ìbàdàn ti borí àwọn ọ̀tá rẹ̀ ní Ìkirun ní oṣù kọkànlá ọdún kan náà, nínú ìjà tí ìtàn ń pè ní ogun Jálumi, àwọn ìlú tí wọ́n kọ ìsìn kóra jọ sábẹ́ orúkọ Èkìtìparapọ̀, wọ́n sì fi Ògèdèǹgbé ọmọ Iléṣà ṣe balógun wọn. Ìhà Ìgbájọ ni Ìbàdàn pa bùdó sí lábẹ́ Ààrẹ Látòósà, ìhà Ìmẹ̀sí-Ilé ni Èkìtìparapọ̀ dúró sí, àwọn òkè tí ó wà láàárín ìlú méjèèjì sì di pápá ìjà. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, bùdó náà di ìlú tí ó ní ilé àti ọjà tirẹ̀, a sì bí àwọn ọmọ níbẹ̀ tí wọn kò mọ ibòmíràn.

Ní Ìbàdàn, ìjọ ti wà láti 1853, nígbà tí David Hinderer àti ìyàwó rẹ̀, Anna, tí Ẹgbẹ́ Ìránṣẹ́ Ìhìnrere ti Ìjọ Áńgílíkà, CMS, rán wá, tẹ̀dó sí Kúdẹtì. Nígbà tí wọ́n kúrò ní 1869, Daniel Olúbí ni iṣẹ́ náà bọ́ sí lọ́wọ́, ìjọ sì tún wà ní Àrẹ̀mọ àti ní Ògúnpa. Ní Èkó, àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tí wọ́n ti oko ẹrú dé láti Sàró àti láti Brazil, tí onígbàgbọ́ pọ̀ jùlọ nínú wọn, dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí ó di Ẹgbẹ́ Èkìtìparapọ̀ ti Èkó. Lára àwọn tí òkìkí wọn kàn níbẹ̀ ni J. P. Haastrup, ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, àti Philip José Meffre, Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n tà sí Brazil, tí ó sì ti jẹ́ babaláwo kí ó tó di onígbàgbọ́. Ẹgbẹ́ yìí ń bẹ ìjọba Èkó pé kí ó bá wọn wá àlàáfíà, síbẹ̀ láti ọwọ́ àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tí wọ́n wà ní Èkó yìí náà ni ìbọn Snider, tí ó ń yára yìn ju ìbọn ṣakabùlà àtijọ́ lọ, ti gba ọ̀nà Oǹdó dé ọwọ́ ọmọ ogun Ògèdèǹgbé. Báyìí ni ó ṣe jẹ́ pé àwọn tí wọ́n ń gba Oúnjẹ Olúwa kan náà, tí ẹgbẹ́ ìránṣẹ́ kan náà sì kọ́ lẹ́kọ̀ọ́, ń fẹ́ kí ogun kan náà parí sí ọ̀nà tí ó tako ara wọn. Ẹni tí yóò bá sọ òtítọ́ ìtàn ìrẹ́pọ̀ ìjọ ní agbègbè yìí kò gbọdọ̀ fi èyí pamọ́, nítorí pé àwọn ọmọ ìjọ kò bọ́ ìlú wọn sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì.

Nínú ìjọ Ìbàdàn fúnra rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà tún ti jinlẹ̀ jù. Ìlú jagunjagun ni, ẹrú ni ó sì ń kó ti ogun bọ̀, tí ó fi jẹ́ pé àwọn Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tí wọ́n kó lẹ́rú wà lára àwọn tí wọ́n ń wá gbọ́ ìwàásù, tí wọ́n sì ń jókòó pẹ̀lú ọmọ Ọ̀yọ́ tí a bí ní òmìnira. Láti pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní arákùnrin kì í ṣe ohun kékeré nínú ìlú tí ọlá balógun ń bẹ nínú iye ẹrú rẹ̀. Ṣùgbọ́n àbùkù ń bẹ níbẹ̀ pẹ̀lú, nítorí pé àwọn onígbàgbọ́ kan, títí kan àwọn kan lára òṣìṣẹ́ ìjọ, ní ẹrú tàbí ìwọ̀fà, ìyẹn ẹni tí a fi ṣe ìdógò gbèsè tí ó sì ń ṣiṣẹ́ fún olówó títí gbèsè náà yóò fi san. Nígbà tí ó di nǹkan bí 1880 ni CMS tó fi ọwọ́ líle mú òṣìṣẹ́ rẹ̀ láti jáwọ́ nínú rẹ̀, ó sì yẹ kí a kà á sí ọ̀kan nínú àwọn ìgbà tí ìjọ kọ́kọ́ gbà ní gbangba pé ìwà àwọn tirẹ̀ ń tako ìwàásù wọn.

Ohun kan wà tí ó so àwọn ọmọ ìjọ ìhà méjèèjì pọ̀ láìsí ariwo. Ní 1875 àwọn ìránṣẹ́ Ọlọ́run pàdé ní Èkó láti fi ẹnu kò lórí bí a ó ṣe máa kọ èdè Yorùbá sílẹ̀, nígbà tí ó sì di 1884, tí ìbọn ń ró lọ́wọ́ ní Kírìjì, odindi Bíbélì jáde ní èdè náà, lẹ́yìn iṣẹ́ ọdún púpọ̀ tí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther àti àwọn tí ó bá a ṣe é ti ṣe. Ìwé kan náà ni Ọ̀yọ́, Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀ṣà àti Oǹdó ń kà láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni kò sì ní láti jagun kí ọmọ ìlú mìíràn tó gba á.

Ipa tí àwọn àlùfáà kó nínú òpin ogun ni ó lọ́rọ̀ jù nínú gbogbo ìtàn yìí. Ní 1881 Aláàfin Adéyẹmí kọ lẹ́tà sí gómìnà Èkó láti bẹ̀ ẹ́ pé kí ó dá sí ọ̀rọ̀ náà, Samuel Johnson ni ó sì gbé e lọ, ẹni tí a bí ní Hastings ní Sàró ní 1846, tí ó jẹ́ ọmọ ìran Aláàfin Abíọ́dún, tí ó sì ti ń ṣiṣẹ́ olùkọ́ àti iṣẹ́ ìjọ ní Ìbàdàn fún ọdún púpọ̀. Ní 1884 àti 1885, J. B. Wood, òyìnbó ìránṣẹ́ CMS, lọ sí bùdó méjèèjì láti làjà, ó sì padà lọ́wọ́ òfo. Kókó ìjà náà kò ṣòro láti mọ̀: Èkìtìparapọ̀ fẹ́ òmìnira pátápátá, Ìbàdàn kò fẹ́ jọ̀wọ́ ìlú mẹ́rin kan, ìyẹn Ìgbájọ, Ọ̀tan, Ìrẹ̀sì àti Àdá, kò sì sí ìhà tí ó fẹ́ kọ́kọ́ tú bùdó rẹ̀, kí a má baà sọ pé ó sá. Láàárín èyí Ààrẹ Látòósà kú sí bùdó ní 1885, àárẹ̀ sì mú gbogbo ènìyàn.

Nígbà tí Gómìnà Alfred Moloney pinnu ní 1886 láti tún gbìyànjú, àwọn àlùfáà méjì tí wọ́n jẹ́ aláwọ̀ dúdú ni ó rán. Samuel Johnson ni ó lọ bá àwọn ìjòyè Ìbàdàn. Charles Phillips, ẹni tí ó ti ń ṣe olùṣọ́ ìjọ ní Oǹdó láti 1877, ni ó gba ìhà ìlà-oòrùn lọ bá àwọn ọba àti balógun Èkìtìparapọ̀. Ó yẹ kí a ṣàkíyèsí pé ọ̀nà Oǹdó tí ìbọn ń gbà wọlé ni iṣẹ́ àlàáfíà náà gbà. Ọgbọ́n tí ó wà nínú ètò náà ni pé a kò rán ẹnì kan ṣoṣo tí yóò máa lọ tí yóò máa bọ̀ láàárín ọ̀tá méjì, tí olúkúlùkù yóò sì máa fura sí. Ìhà kọ̀ọ̀kan ní ẹni tí ó mọ̀, àwọn ẹni méjèèjì náà sì mọ ara wọn, nítorí pé ọmọ ìjọ kan ni wọ́n, ọ̀gá kan náà ni wọ́n sì ń sìn. Ohun tí Johnson bá gbọ́ lẹ́nu Ìbàdàn, Phillips kì í fura pé ó ti fi àbùmọ́ sí i, bẹ́ẹ̀ sì ni ti Phillips rí lọ́dọ̀ Johnson, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ Ọ̀yọ́ ń bẹ lára Johnson, tí kò sì fi ìfẹ́ rẹ̀ sí ìlú àwọn baba rẹ̀ pamọ́ nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí ó kọ, èyí tí ó jáde ní 1921 lẹ́yìn ikú rẹ̀. Èyí ni ìrẹ́pọ̀ ní ojú àwọn tí wọ́n gbé e rù: kì í ṣe pé ẹnì kan kò ní ìhà, bí kò ṣe pé ẹni tí ó ní ìhà kò purọ́ fún arákùnrin rẹ̀ tí ó wà ní ìhà kejì.

Àdéhùn náà gba ọjọ́ 4 oṣù kẹfà 1886. Ó fún Èkìtìparapọ̀ ní òmìnira wọn, ó sì fi Ìgbájọ, Ọ̀tan, Ìrẹ̀sì àti Àdá sílẹ̀ fún Ìbàdàn, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tí kò bá fẹ́ wà lábẹ́ Ìbàdàn ní ẹ̀tọ́ láti kó ẹrù rẹ̀ jáde lọ sí ilẹ̀ Èkìtìparapọ̀. Ó tún ṣètò pé kí àwọn ará Mọdákẹ́kẹ́ ṣí kúrò lórí ilẹ̀ Ifẹ̀, abala tí kò lọ bí a ti kọ ọ́, tí ọgbẹ́ rẹ̀ sì tún ń ṣẹ̀jẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, níwájú àwọn aṣojú gómìnà, bùdó méjèèjì tú ká, iná sì jó àwọn ilé tí àwọn jagunjagun ti ń gbé. Ìjà Ìbàdàn pẹ̀lú Ìlọrin kò parí títí di 1893, ìyẹn ni ó fi jẹ́ pé ọdún yẹn ni àwọn òpìtàn fi ń parí ogun náà lápapọ̀. Ní 1893 kan náà, ní Lọ́ńdọ̀nù, ni wọ́n ti ya Phillips sí mímọ́ gẹ́gẹ́ bí bíṣọ́ọ̀bù.

Àlàáfíà sọ ọ̀nà di ọ̀nà àlọ àti àbọ̀ fún ìhìnrere. Àwọn tí a ti kó lẹ́rú lọ sí Ìbàdàn, Abẹ́òkúta àti Èkó, tí wọ́n ti kọ́ láti ka Bíbélì níbẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í padà sí ìlú wọn ní ilẹ̀ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà, nínú ọ̀pọ̀ ìlú sì ni ó jẹ́ pé àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ kó àwọn ènìyàn jọ fún àdúrà kí olùkọ́ kankan tó dé. Ní Iléṣà, Frederick Kúmókun Haastrup, onígbàgbọ́ tí ó ti gbé Èkó, gorí àpèrè ní 1896 gẹ́gẹ́ bí Ọwá Ajímókò Kìíní. Ẹ̀sìn tí ẹrú gbé wá láti ilé ẹni tí ó kó o lẹ́rú, tí àwọn tí a fi sílẹ̀ nílé sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, jẹ́ ẹ̀rí ìwà ju ọ̀rọ̀ ẹnu lọ, nítorí pé ẹni tí ó padà dé láìbínú ni àwọn ará ìlú fetí sí.

Àkókò tí ó tẹ̀lé e ni ìyapa wá pọ̀, kì í sì í ṣe ogun ni ó fà á. Ní 1888 àwọn ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi kan ní Èkó fi àwọn òyìnbó ìránṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì dá ìjọ tiwọn sílẹ̀, nítorí pé wọ́n rí i pé a kò bọ̀wọ̀ fún wọn. Lára àwọn aṣáájú wọn ni David Brown Vincent, tí a bí ní Iléṣà ní 1860, tí ó padà yí orúkọ rẹ̀ sí Mọ́jọlá Agbébí. Ní 1901 àwọn ọmọ ìjọ St. Paul's ní Breadfruit ní Èkó kúrò nínú ìjọ Áńgílíkà lórí bí wọ́n ṣe mú olùṣọ́ wọn, James Johnson, kúrò lọ́dọ̀ wọn, ìyẹn ni ó bí Ìjọ Áfíríkà. Ọ̀rọ̀ ìkóbìnrinjọ, èyí tí ìpàdé àwọn bíṣọ́ọ̀bù ní Lambeth ní 1888 ti fi dí ilẹ̀kùn ìrìbọmi mọ́ ọ̀pọ̀ ọkùnrin, tún fa ìyapa nínú ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ní 1917. Bí a bá wo gbogbo rẹ̀, ọ̀ràn ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ kéré nínú wọn; ẹni tí a kò bọ̀wọ̀ fún ni ó jáde. Ìyapa àwọn Onítẹ̀bọmi nìkan ni ìran kan náà tí ó pín rí i tí ó tún dàpọ̀: ní 1914 ìhà méjèèjì pàdé ní Ìbàdàn, wọ́n dá Ẹgbẹ́ Onítẹ̀bọmi Yorùbá sílẹ̀, Agbébí tí ó ti jáde ní 1888 ni wọ́n sì fi ṣe ààrẹ rẹ̀ àkọ́kọ́.

Ní Iléṣà, àríyànjiyàn ni ó kó àwọn aṣáájú ìjọ Faith Tabernacle jọ sí Òkè-Ooye ní oṣù keje 1930, láti yanjú aáwọ̀ lórí ìgbéyàwó àti ìwòsàn nípa àdúrà, bí ìsọjí tí Joseph Ayọ̀ Babalọlá jẹ́ aṣáájú rẹ̀ sì ti bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀, àríyànjiyàn náà di ẹ̀yìn, àwọn ènìyàn sì ń wọ́ wá láti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, Èkìtì àti ìhà Ọ̀ṣun. Kò pẹ́ púpọ̀ tí lílo oògùn fi tún pín wọn níyà pẹ̀lú àwọn ìránṣẹ́ Apostolic Church tí wọ́n ti Bìrìtéènì wá ní 1931, ìhà kan sì di Ìjọ Aposteli Kristi, CAC.

Nígbà tí Áńgílíkà, Mẹ́tọ́díìsì àti Presbyterian gbìmọ̀ láti di ìjọ kan ní Nàìjíríà, wọ́n fi ọjọ́ 11 oṣù kejìlá 1965 sí i. Ìwé ti pé, ètò ti tò, ṣùgbọ́n nígbà tí ọjọ́ kù díẹ̀, wọ́n sún un síwájú, kò sì tíì ṣẹlẹ̀ títí di òní; ìyapa ohùn láàárín àwọn Mẹ́tọ́díìsì wà lára ohun tí ó dá a dúró. Ní ọ̀rúndún kọkànlélógún, ìjọ Áńgílíkà dá dáyósíìsì kan, ìyẹn àgbègbè tí bíṣọ́ọ̀bù ń ṣàkóso, sílẹ̀ ní Àríwá Ìlà-Oòrùn Ọ̀ṣun, wọ́n sì fi ibùjókòó rẹ̀ sí Ọ̀tan Ayégbajú, ọ̀kan nínú ìlú mẹ́rin tí àdéhùn 1886 ní láti gbọ́ ẹjọ́ wọn.