Ọwọ́ Tó Fún Wa Ní Ìpínlẹ̀ Èkìtì

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a kì í sábà sọ nígbà àjọ̀dún Ìpínlẹ̀ Èkìtì. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ láàárín ara wa.

Ọ̀pọ̀ wa ló ti wo Saworoidẹ, fíìmù tí Túndé Kèlání gbé jáde ní 1999, tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ ìtàn rẹ̀. Gbogbo wa la bú Lápìtẹ́, ọba Jogbo tó kọ̀ láti mulẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ tún fíìmù náà wò dáadáa: ṣé Lápìtẹ́ nìkan ló ba Jogbo jẹ́ ni? Àwọn ìjòyè mọ òtítọ́. Owó àwọn agégẹdú ló pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Àwọn òyìnbó náà ti ṣe irú rẹ̀ nípa Jámánì ayé Hitler. Nínú Mephisto, tó jáde ní 1981, òṣèré tíátà kan wà tó ti ń sọ̀rọ̀ lòdì sí àwọn Násì tẹ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n gorí oyè, kí ipò má baà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń bá wọn rẹ́rìn-ín díẹ̀díẹ̀, títí ó fi di tiwọn.

Àwa náà ńkọ́? Ní ọjọ́ 12, oṣù kẹfà, 1993, Abíọ́lá la dìbò fún ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, nígbà tí Èkìtì ṣì wà lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n fagi lé e. Abacha gbàjọba ní oṣù kọkànlá. Ní 1994 ó ti Abíọ́lá mọ́lé. Ní 1995 wọ́n yẹgi fún Ken Saro-Wiwa àti àwọn mẹ́jọ mìíràn. Ní ọjọ́ 4, oṣù kẹfà, 1996, wọ́n yìnbọn pa Kudirat Abíọ́lá ní Èkó.

Kò tíì pé oṣù mẹ́rin sí i tí Abacha kan náà fi kéde Ìpínlẹ̀ Èkìtì, ní ọjọ́ 1, oṣù kẹwàá, 1996.

Ká má purọ́, inú wa dùn. Ó ti pẹ́ tí a ti ń bẹ̀bẹ̀. Ní 1991 tí Ọ̀ṣun, aládùúgbò wa, di ìpínlẹ̀, wọ́n fò wá. Àkúrẹ́ ni ará Ìjerò àti Àrámọkọ ṣì ń lọ tọrọ ohun tó tọ́ sí i. Ní 1996 yìí kan náà ni Ẹ̀fọ̀n gba ìjọba ìbílẹ̀ tirẹ̀, ó kúrò lára Ekiti West. Ayọ̀ yẹn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀.

Ohun tó tẹ̀lé e ni ká wò. Bí ẹnu bá jẹ, ojú á tì. Ta ló fẹ́ dárúkọ Kudirat níbi tí wọ́n ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ìjọba? Ní oṣù kẹta 1998, wọ́n kó èrò láti gbogbo Nàìjíríà lọ sí Abuja láti bẹ Abacha pé kó má lọ. Ìkà kọ́ ni gbogbo wọn. Ẹlòmíràn kàn rí ọkọ̀ ọ̀fẹ́ ni. Lóṣù tó tẹ̀lé e, ẹgbẹ́ òṣèlú máràrùn-ún fà á kalẹ̀. Bọ́lá Ìgè ti kúkú sọ pé ìka ọwọ́ adẹ́tẹ̀ kan náà ni wọ́n.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní kò sọ́gbọ́n tí èèyàn ìgbà náà lè dá, ẹ rán an létí Adékúnlé Ajásin, gómìnà wa láti 1979 sí 1983. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, síbẹ̀ ó ṣe olórí NADECO títí ó fi kú ní 1997.

Abacha kú ní ọjọ́ 8, oṣù kẹfà, 1998; Abíọ́lá tẹ̀lé e ní oṣù kejì rẹ̀, láhàámọ́. Ìpínlẹ̀ wa ṣì wà, tiwa ni, ẹnikẹ́ni ò ní ká dá a padà. Ẹ̀yin olùkọ́ tó wà láàárín wa ni mo ń bẹ̀: bí ẹ bá ń kọ́ àwọn ọmọ ní ọjọ́ 1, oṣù kẹwàá, 1996, ẹ kọ́ wọn ní ọjọ́ 4, oṣù kẹfà, ọdún yẹn kan náà pẹ̀lú. Ọmọ tó bá mọ méjèèjì á lè bi ara rẹ̀ léèrè, lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé ẹ̀bùn wá fún un, pé ọwọ́ ta ló ti wá.