Èjìgbò àti Òwò Àbíjàn nínú Ìdààmú Ọrọ̀-Ajé Àgbáyé

Èjìgbò, ìlú Ògìyán ọ̀jẹ-iyán, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, jìnnà sí òkun, kò sì sí lẹ́nu ibodè kankan. Síbẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún ni àwọn ọmọ rẹ̀, àti ti àwọn ìlú agbègbè rẹ̀, ti ń tọ Ajé ògúgúlùsọ̀ lọ sí Côte d'Ivoire, tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ tí a bí ní Treichville, ní Àbíjàn, fi ń da Faransé pọ̀ mọ́ Yorùbá nígbà tí ó bá wá kí ìyá àgbà, tí mọ́tò sì ń gbéra láti Èjìgbò gan-an, tí yóò gba Sẹ̀mẹ̀, Kútọnu, Lomé àti Àkrá kọjá kí ó tó gúnlẹ̀ sí Àbíjàn. Ohun tí ó bá ojú ti bá imú: bí àwọn orílẹ̀-èdè bá ń jà nítorí òwò, owó oúnjẹ Èjìgbò ni ó ń mì.

Ní oṣù kìíní ọdún 1994, ní nǹkan bí oṣù kan lẹ́yìn ikú Félix Houphouët-Boigny, ààrẹ Côte d'Ivoire, wọ́n gé iye sẹ́fà, owó tí wọ́n ń ná níbẹ̀, sí ìdajì, tí 100 sẹ́fà fi wá ń ra faransì ilẹ̀ Faransé kan tí 50 ń rà tẹ́lẹ̀. Ogun abẹ́lé Côte d'Ivoire ní ọdún 2002 àti rògbòdìyàn ìdìbò ti 2010 sí 2011 tẹ̀ lé e.

Lójú tèmi, ìdààmú tí ó burú jù kò ti òkè òkun wá. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019 ni ìjọba Nàìjíríà ti ibodè ilẹ̀ rẹ̀ pa nítorí fàyàwọ́, pàápàá ti ìrẹsì. Kí ó sì tó ṣí i, àrùn Kòrónà ti dé, àwọn orílẹ̀-èdè ojú ọ̀nà náà sì ti ti tiwọn. Nínú ẹnubodè mẹ́rin tí a kọ́kọ́ ṣí ní oṣù kejìlá ọdún 2020, Sẹ̀mẹ̀ nìkan ni ó wà ní ilẹ̀ Yorùbá. Ẹnubodè Ìdí-Ìrókò dúró di 2022. Ọ̀bẹ ń wólé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́! Èkó ni wọ́n ṣáà ti fọwọ́ sí ìwé ECOWAS, ẹgbẹ́ ọrọ̀-ajé àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ní 1975, àdéhùn 1979 sì fún ará ẹgbẹ́ ní ẹ̀tọ́ àtiwọ ìlú ara wọn fún 90 ọjọ́ láìgba físà.

Nígbà tí náírà já wálẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2023, sẹ́fà tí a so mọ́ yúrò kò mì, nítorí náà owó tí ọmọ fi ránṣẹ́ láti Àbíjàn di púpọ̀ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, àmọ́ ọjà tí ìyá náà fẹ́ fi rà ti gbówó lórí. Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 2025, Amẹ́ríkà kéde owó ibodè ìdá 14 nínú 100 lórí ọjà Nàìjíríà, àti 21 lórí ti Côte d'Ivoire, níbi tí ó jẹ́ pé àgbẹ̀ kòkó tí kò rí owó kòkó rẹ̀ gbà dáadáa kò lè ra aṣọ lọ́wọ́ oníṣòwò ọmọ Èjìgbò. Kí àwọn ìjọba wa tó máa ráhùn sí Amẹ́ríkà, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ palẹ̀ ìdènà ọwọ́ ara wọn mọ́ ní ojú ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀ sí Àbíjàn.