Ilé Ìtura Olówó Pọ́ọ́kú ní Ìlú Fẹ́nísì

Ní ìlú Fẹ́nísì, tó wà ní àríwá-ìlà-oòrùn Ítálì, àwọn ilé ìtura kéékèèké kan wà láàárín ìlú àtijọ́ tí wọ́n kọ́ sórí omi, níbi tí àlejò tí kì í ṣe olówó ńlá ń sùn sí. Àwọn ará ibẹ̀ ń pè wọ́n ní locanda, pensione tàbí albergo. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ilé tí ìdílé kan ti gbé rí kí wọ́n tó pín in sí yàrá mélòó kan fún àlejò. Òkìkí àwọn hòtẹ́ẹ̀lì ńlá etí omi ló sábà máa ń bo tiwọn mọ́lẹ̀. Síbẹ̀, inú irú ilé kékeré bẹ́ẹ̀ ni àlejò ti ń mọ Fẹ́nísì gẹ́gẹ́ bí ìlú tí ènìyàn ń gbé, nítorí pé ẹni tó bá wá láàárọ̀ tó sì padà nírọ̀lẹ́ kò ní rí ju èrò àti ọjà lọ.

Ìlú náà àti ilẹ̀ rẹ̀

Fẹ́nísì wà lórí erékùṣù tó lé ní ọgọ́rùn-ún nínú ọ̀sà kan létí òkun Adriatic. Afárá tó lé ní 400 ló so àwọn erékùṣù náà pọ̀. Èyí tó tóbi jù nínú àwọn ọ̀nà omi tó la ìlú náà kọjá ni Canal Grande, afárá mẹ́rin péré ló sì wà lórí rẹ̀. Àdúgbò ńlá mẹ́fà ló wà ní ìlú náà: San Marco, Castello, Cannaregio, Dorsoduro, San Polo àti Santa Croce. Ní 1987, àjọ UNESCO fi Fẹ́nísì àti ọ̀sà rẹ̀ kún àwọn ibi àjogúnbá gbogbo ayé.

Ẹrẹ̀ ni ilẹ̀ ibẹ̀. Àwọn tó kọ́ ìlú náà gbá àìmọye òpó igi wọ inú ẹrẹ̀ yìí, wọ́n tẹ́ pákó lé wọn lórí, wọ́n sì fi òkúta funfun tí wọ́n kó wá láti Istria ṣe ìpìlẹ̀ ilé. Nítorí pé afẹ́fẹ́ kì í dé ọ̀dọ̀ igi tó wà nísàlẹ̀ ẹrẹ̀, kì í tètè jẹrà. Ohun tó mú kí ilé ìtura ibẹ̀ rí bó ṣe rí nìyí. Kò sí ilẹ̀ tí onílé lè fẹ ilé rẹ̀ sí, ìpìlẹ̀ kò gba ilé gogoro, òfin tó ń dáàbò bo ilé àtijọ́ kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni wó ògiri bó ṣe wù ú.

Ìtàn

Iṣẹ́ gbígba àlejò sílé ti pẹ́ ní Fẹ́nísì. Láyé àtijọ́, èbúté rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ Kristẹni ilẹ̀ Yúróòpù ti ń wọ ọkọ̀ lọ sí Jerúsálẹ́mù. Wọ́n lè dúró fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ kí ọkọ̀ tó ṣí, wọ́n sì gbọ́dọ̀ rí ibi sùn. Felix Fabri, fadá ọmọ ẹgbẹ́ Dominic láti ìlú Ulm ní Jámánì, rin ìrìn-àjò náà ní 1480 àti 1483, ó sì ròyìn rẹ̀ ní kíkún. Ilé èrò kan tí wọ́n fi orúkọ Jọ́ọ̀jì Mímọ́ pè ló dé sí. Àwọn ará Jámánì ló ni ín, èdè Jámánì sì ni tonílé tọmọ ọ̀dọ̀ ń sọ níbẹ̀. Fabri sọ nípa ajá ńlá dúdú kan lẹ́nu ọ̀nà ilé náà: tí ará Jámánì bá dé, ajá á máa ju ìrù sí i, ṣùgbọ́n bí ará Ítálì tàbí ti ilẹ̀ mìíràn bá yọjú, á dìde gbó o kíkankíkan. Ó hàn nínú ìtàn yìí pé nígbà náà lọ́hùn-ún, àwọn ẹ̀yà kan ní ilé èrò tiwọn.

Ìjọba Fẹ́nísì náà kò fi ọ̀rọ̀ àlejò ṣeré. Láti ọ̀rúndún kẹtàlá ni wọ́n ti ya ilé kan sọ́tọ̀ nítòsí Rialto, àárín òwò ìlú náà, fún àwọn oníṣòwò Jámánì, èyí tí wọ́n ń pè ní Fondaco dei Tedeschi. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń sùn, inú rẹ̀ náà ni ẹrù wọn ń wà, kí owó orí ìjọba má baà sọnù. Iná jó ilé náà ní 1505, wọ́n sì tún un kọ́ parí ní 1508. Ní 1621, àwọn oníṣòwò Tọ́kì náà gba ilé tiwọn, Fondaco dei Turchi, létí Canal Grande.

Nígbà tí Napoleon fi òpin sí ìjọba Fẹ́nísì ní 1797, òwò rọlẹ̀, ọ̀pọ̀ ìdílé ọlọ́lá kò sì lè tọ́jú ààfin wọn mọ́. Bí àwọn kan nínú ààfin náà ṣe di hòtẹ́ẹ̀lì nìyẹn. Hòtẹ́ẹ̀lì Danieli bẹ̀rẹ̀ ní 1822. Ọkọ̀ ojú irin gba orí afárá wọ ìlú náà ní 1846. Láti ìgbà náà ni àwọn tí kì í ṣe ọlọ́lá ti ń wá wo Fẹ́nísì, ilé pensione sì pọ̀ sí i. Ibẹ̀ ni àlejò ti lè pẹ́ fún ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù, kó máa bá àwọn tó kù jẹun lórí tábìlì kan náà. Ní 1877, John Ruskin, ọ̀mọ̀wé ará Íńgíláǹdì tó kọ̀wé lórí àwọn ilé Fẹ́nísì, gbé ní La Calcina ní etí omi Zattere, ilé kan tí kò ní àṣehàn. Ní 1933 ni wọ́n ṣí afárá ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ láti orí ilẹ̀, ṣùgbọ́n ọkọ̀ kò kọjá Piazzale Roma títí dòní.

Irú ilé tó wà

Ìràwọ̀ kan sí márùn-ún ni wọ́n fi ń díwọ̀n hòtẹ́ẹ̀lì ní Ítálì. Àwọn olówó pọ́ọ́kú sábà máa ń ní ìràwọ̀ kan, méjì tàbí mẹ́ta. Nínú àwọn tó rẹlẹ̀ jù, àlejò méjì tàbí mẹ́ta lè jọ máa lo ilé ìwẹ̀ kan. Lẹ́yìn wọn ni affittacamere, níbi tí onílé ti ń fi yàrá díẹ̀ háyà. Àwọn fadá àti sísítà ìjọ Àgùdà náà ń gba àlejò sínú ilé wọn. Àwọn ilé báyìí máa ń mọ́ tónítóní, wọ́n sì máa ń dákẹ́. A sì rí nínú wọn tó máa ń ti ilẹ̀kùn ní agogo kan pàtó lálẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ ní ilé tiwọn tí wọ́n ti ń san owó ibùsùn kan péré nínú yàrá elérò púpọ̀. Ọ̀kan tí a mọ̀ dáadáa wà ní erékùṣù Giudecca. Ẹni tí owó rẹ̀ kò bá tó èyíkéyìí nínú wọn lè sùn ní Mestre lórí ilẹ̀, kó máa wọ ọkọ̀ ojú irin wọ ìlú. Ìrìn-àjò náà kò ju bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ.

Bí yàrá ṣe máa ń rí

Yàrá kì í fẹ̀. Àjà rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ igi àtijọ́ tó hàn síta, ilẹ̀ rẹ̀ sì lè jẹ́ terrazzo, ìyẹn òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n pò mọ́ ẹfun, tí wọ́n wá dán títí tó fi ń kọ mànà. Nítorí pé ilé ti jókòó sínú ẹrẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ilẹ̀ náà lè dagun díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé ni kò ní lífìtì, nítorí náà, yàrá olówó díẹ̀ sábà máa ń wà lókè pátápátá, ní òpin àtẹ̀gùn tóóró.

Ibi tí fèrèsé kọjú sí ló ń pinnu owó. Èyí tó wo ọ̀nà omi ló wọ́n jù, ti ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ ló tẹ̀ lé e, ti àgbàlá ẹ̀yìn ló sì máa ń rọjú jù. Yàrá ẹ̀yìn yìí ní àǹfààní tirẹ̀, nítorí ariwo ọkọ̀ ojú omi akẹ́rù tó ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní kùtùkùtù kì í dé ibẹ̀. Nígbà ooru, ó yẹ kí àlejò kọ́kọ́ béèrè bóyá ẹ̀rọ amúlétutù wà àti bóyá àwọ̀n wà lójú fèrèsé, nítorí ẹ̀fọn kò fi ọ̀sà náà sílẹ̀.

Ọ̀pọ̀ máa ń bi ara wọn léèrè pé kí ló dé tí yàrá kékeré bẹ́ẹ̀ fi wọ́n tó bó ṣe wọ́n. Ìdáhùn wà ní etí omi láàárọ̀. Aṣọ ibùsùn, búrẹ́dì àti omi inú ìgò, gbogbo wọn ló ń gba inú ọkọ̀ ojú omi wọlé. Ọkọ̀ akẹ́rù á so mọ́ etí omi, àwọn òṣìṣẹ́ á sì kó ẹrù sórí ọmọlanke. Ọmọlanke ibẹ̀ ní ẹsẹ̀ ńlá méjì láàárín àti kéékèèké méjì níwájú. Tí wọ́n bá dé ẹsẹ̀ afárá, wọ́n á gbé ẹsẹ̀ kékeré lé àtẹ̀gùn, wọ́n á fà á gòkè ní ìtẹ̀lé ìtẹ̀lé, wọ́n á sì tún rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lódì kejì. Bákan náà ni wọ́n ń ṣe kó ìdọ̀tí jáde. Gbogbo làálàá yìí ló wà nínú owó tí àlejò ń san.

Dídé àti wíwá ọ̀nà

Ibùdókọ̀ ojú irin Santa Lucia àti Piazzale Roma ni ẹnu ọ̀nà ìlú. Láti ibẹ̀, àlejò á fi ẹsẹ̀ rìn tàbí kó wọ vaporetto, ọkọ̀ èrò ojú omi. Nọ́ńbà kìn-ín-ní rẹ̀ ń dúró káàkiri etí Canal Grande. Nítorí pé àtẹ̀gùn ló wà lórí ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn afárá, ẹni tó bá gbé àpótí ńlá dání yóò jìyà rẹ̀. Ohun tó dára jù ni kó béèrè lọ́wọ́ onílé pé afárá mélòó ló wà láàárín ibi tí ọkọ̀ ti ń dúró àti ẹnu ọ̀nà rẹ̀.

Àwọn àgbà ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi í ríran. Òótọ́ ọ̀rọ̀ yìí hàn gan-an ní Fẹ́nísì. Nọ́ńbà ilé kì í tẹ̀ lé òpópónà kan. Gbogbo àdúgbò ńlá ni wọ́n fi nọ́ńbà kà lápapọ̀, tó fi jẹ́ pé nọ́ńbà ilé lè lé ní 5,000. Orúkọ ọ̀nà ni wọ́n ń kọ sára ògiri lórí ẹfun funfun, àwọn àmì ofeefee sì ń júwe ọ̀nà Rialto, San Marco àti ibùdókọ̀ ojú irin. Orúkọ afárá tàbí ti ṣọ́ọ̀ṣì tó wà nítòsí ilé máa ń wúlò ju nọ́ńbà lọ.

Ìgbà tí omi bá kún

Láti ìgbà ìwọ́wé títí di ìparí òtútù, omi òkun lè kún wọ ìlú. Acqua alta ni wọ́n ń pè é. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kọkànlá 1966, ó ga dé sẹ̀ǹtímítà 194, èyí tó ga jù lọ nínú àkọsílẹ̀. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kọkànlá 2019, ó tún dé 187, ó sì ba ìsàlẹ̀ ọ̀pọ̀ ilé ìtura, ṣọ́ọ̀bù àti ṣọ́ọ̀ṣì jẹ́. Ní oṣù Kẹwàá 2020 ni wọ́n kọ́kọ́ lo MOSE láti dènà omi tó ń bọ̀: ìlẹ̀kùn irin 78 tó ń dìde láti ìsàlẹ̀ omi ní ẹnu mẹ́ta tí ọ̀sà fi kan òkun. Láti ìgbà náà, ewu ti dín kù púpọ̀. Ṣùgbọ́n gbàgede San Marco rẹlẹ̀ débi pé omi tí kò tó èyí tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ gbé ìlẹ̀kùn lè wọ ibẹ̀. Àwọn onílé ìtura mọ̀ ọ́n; bàtà rọ́bà tí àlejò lè yá kì í wọ́n lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Owó àti òfin

Òfin Ítálì sọ ọ́ di dandan kí onílé ìtura gba ìwé ìdánimọ̀ gbogbo àlejò, kó sì fi orúkọ wọn ránṣẹ́ sí ọlọ́pàá. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe bínú tí wọ́n bá béèrè ìwé ìrìnnà rẹ̀. Láti 2011, àlejò tún ń san owó orí ìlú fún alẹ́ kọ̀ọ̀kan, fún alẹ́ márùn-ún àkọ́kọ́. Owó náà kéré fún ilé oníràwọ̀ díẹ̀, ó sì sábà máa ń wà lọ́tọ̀ sí owó yàrá. Ní 2024, ìlú náà bẹ̀rẹ̀ sí í gba yúrò márùn-ún lọ́wọ́ ẹni tó bá wá fún ojúmọ́ kan péré ní àwọn ọjọ́ tí èrò pọ̀. Ẹni tó bá sùn sínú ìlú kì í san èyí, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀.

Owó yàrá máa ń ga sókè nígbà ayẹyẹ Carnevale, nígbà àjọ̀dún sinimá tó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ìparí oṣù Kẹjọ, àti nígbà tí wọ́n bá ń ṣí ìpàtẹ ọnà Biennale, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1895. Biennale yìí ló ń gbé ọ̀pọ̀ ará wa lọ síbẹ̀. Nàìjíríà kọ́kọ́ ní ilé ìpàtẹ tirẹ̀ níbẹ̀ ní 2017. Ní 2024, iṣẹ́ Yinka Shonibare, Toyin Ojih Odutola àti Tunji Adeniyi-Jones wà lára ohun tí wọ́n pàtẹ fún Nàìjíríà ní àdúgbò Dorsoduro. Ní oṣù Kọkànlá àti lẹ́yìn ọdún tuntun, kí Carnevale tó dé, ni owó máa ń wálẹ̀ jù.

Àlejò àti onílùú

Ní 1951, nǹkan bí ènìyàn 175,000 ló ń gbé ìlú àtijọ́ náà. Ní 2022, wọn kò tó 50,000 mọ́. Láti 2008, ilé ìtajà oògùn kan ní Campo San Bartolomeo, nítòsí Rialto, ti gbé pátákó oníná kan sí ojú fèrèsé rẹ̀ tó ń fi iye àwọn tó kù hàn. Ọ̀pọ̀ ará ìlú ló ń dúró kà á. Ní 2023, ibùsùn àlejò ti ju iye onílùú lọ. Àwọn ilé tí wọ́n ń fi gbogbo wọn háyà fún àlejò fún ọjọ́ díẹ̀ ló fa púpọ̀ nínú èyí, nítorí pé owó tí onílé ń rí lọ́wọ́ àlejò ju èyí tí olùkọ́ tàbí nọ́ọ̀sì lè san lọ. Ní 2017, ìgbìmọ̀ ìlú dí ọ̀nà mọ́ yíyí ilé padà sí hòtẹ́ẹ̀lì tuntun ní àárín ìlú, ṣùgbọ́n èyí kò ká ilé ìháyà wọ̀nyẹn lápá kò. Láti 2025, òfin Ítálì ti ní kí gbogbo ilé tó ń gba àlejò fi nọ́ńbà ìdánimọ̀ ìjọba hàn lẹ́nu ọ̀nà àti nínú ìpolówó rẹ̀.

Ibí yìí ni ilé ìtura kékeré ti yàtọ̀. Èyí tí ìdílé ń tọ́jú ń pèsè iṣẹ́ fún ará àdúgbò, ẹnìkan wà nídìí tábìlì rẹ̀ tó mọ apẹja, onítíì àti ẹni tó ń tún paipu ṣe, owó rẹ̀ sì ń dúró sínú ìlú. Nítorí náà, ìgbà tí àlejò bá ń gba yàrá sílẹ̀ ló ti ń pinnu ohun tí Fẹ́nísì yóò dà. Kó wo nọ́ńbà ìjọba lára ilé náà, kó yan èyí tí onílé ń gbé inú rẹ̀ tàbí nítòsí rẹ̀, kó sì sùn ju alẹ́ kan lọ. Owó rẹ̀ kò pọ̀ ju ti ilé ìháyà lọ nígbà púpọ̀, òun sì ni ìrànlọ́wọ́ tó dájú jù tí àlejò lè ṣe fún ìlú tó wá wò.