Ta ló gbé ẹ̀yìn Super Eagles ró jù? Àríyànjiyàn lórí àwọn adẹ́yìnmú àárín

Ẹni tó bá kọjá níwájú ibi tí wọ́n ti ń ta ìwé ìròyìn láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, yálà ní Ìbàdàn, ní Abẹ́òkúta tàbí ní Èkó, kò ní ṣàì bá àwọn tó ń ka àkọlé ìwé láì ra ọ̀kan ṣoṣo. Ọ̀rọ̀ òṣèlú ni wọ́n máa fi bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni wọ́n máa fi parí rẹ̀. Bí àríyànjiyàn bá dá lórí atamátàsé, kì í pẹ́ kó tó tán, nítorí pé ayò ṣeé kà. Rashidi Yekini gbá 37 wọlé fún Nàìjíríà. Ẹni tó bá ní òun mọ ẹni tó jù ú lọ, kó ka tirẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá fi lè dárúkọ adẹ́yìnmú àárín, wàhálà dé nìyẹn. Ta ló tó Keshi? Ṣé Yobo ni àbí Taribo? Kí ni wọ́n máa kà? Ayò tí kò wọlé kò ní àkọsílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Àwọn méjì tó dúró ṣíwájú aṣọ́lé gan-an là ń pè ní adẹ́yìnmú àárín. Bí ọ̀kan bá jáde lọ pàdé bọ́ọ̀lù, èkejì gbọ́dọ̀ sún sẹ́yìn láti bò ó láṣìírí. Àwọn ni wọ́n máa ń pariwo kí gbogbo ìlà ẹ̀yìn lè jọ sún síwájú lẹ́ẹ̀kan náà, kí atamátàsé ọ̀tá lè bọ́ sí ọ́fúsáìdì. Bí ọ̀kan bá sún tí èkejì kò sún, ọ̀nà ti là nìyẹn. Ìdí rèé tí ó fi jẹ́ pé tọkọtaya ni iṣẹ́ wọn. Ẹni tó bá ń díwọ̀n ọ̀kan láì wo èkejì, ìdajì iṣẹ́ ló ń wò.

Ìrántí àwọn èèyàn kì í sì í ṣàánú wọn. Ní oṣù kọkànlá, ọdún 1977, Nàìjíríà pàdé Tunisia ní pápá ìṣeré Sùúrùlérè, nínú ìdíje tí yóò mú ẹni tó bá borí lọ sí Ife Àgbáyé ọdún 1978 ní Argentina. Bọ́ọ̀lù kan wá láti ẹ̀gbẹ́, Godwin Odiye fẹ́ fi orí lé e jáde, orí rẹ̀ gbé e sínú àwọ̀n Nàìjíríà. Ayò kan ṣoṣo yẹn ni Tunisia fi lọ. Odiye kì í ṣe ọ̀lẹ agbábọ́ọ̀lù. Ó lọ sí Amẹ́ríkà lẹ́yìn náà, ó sì gbá bọ́ọ̀lù fún yunifásítì ìlú San Francisco. Síbẹ̀, bí ẹ bá dárúkọ rẹ̀ lónìí, ìṣẹ́jú kan yẹn ni ẹni tó bá dàgbà á kọ́kọ́ rántí. Àwọn bọ́ọ̀lù tó ti fi orí lé jáde kí ọjọ́ yẹn tó dé ńkọ́? Ta ló kà wọ́n?

Pápá Sùúrùlérè kan náà ló rí ìdùnnú ní ọjọ́ 22, oṣù kẹta, ọdún 1980, nígbà tí Nàìjíríà fi ayò mẹ́ta sí òdo lu Algeria, tí wọ́n sì gba ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà fún ìgbà àkọ́kọ́. Segun Odegbami gbá méjì wọlé, Muda Lawal gbá ẹyọ kan. Orúkọ àwọn méjèèjì yìí ni gbogbo ènìyàn mọ̀. Balógun ikọ̀ náà, ẹni tó wà ní àárín ẹ̀yìn, ni Christian Chukwu ti ẹgbẹ́ Enugu Rangers, ẹni tí wọ́n ń pè ní 'Chairman'. Àwọn tó wo eré rẹ̀ sọ pé kì í sáré àsápajúdé, nítorí pé ó ti máa ń dé ibi tí bọ́ọ̀lù ń bọ̀ kí bọ́ọ̀lù tó dé ibẹ̀. Ó kú ní oṣù kẹrin, ọdún 2025.

Ẹni tó gba ipò náà lẹ́yìn rẹ̀ ni Stephen Keshi, 'Big Boss', tó gbá bọ́ọ̀lù fún Anderlecht ní Belgium, tó sì jẹ́ balógun ikọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ máa ń fi ife ẹ̀yẹ ọdún 1994 ní Tunisia ṣe ẹ̀rí pé kò sẹ́ni tó tó o. Ẹ dúró ná. Òótọ́ ni pé Keshi ni balógun ikọ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fẹ́ gbá àṣekágbá pẹ̀lú Zambia, Uche Okechukwu àti Chidi Nwanu ni akọ́nimọ̀ọ́gbá Clemens Westerhof fi sí àárín ẹ̀yìn. Wọ́n gba ife náà pẹ̀lú ayò méjì sí ẹyọ kan, Emmanuel Amuneke ló gbá méjèèjì. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, a óò tún padà sí i.

Ní tèmi, Okechukwu yìí ni àwọn alárìíyànjiyàn kì í fún ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ó ga, ó síngbọnlẹ̀, ó sì tutù. Láti ọdún 1993 títí di 2002 ló wà ní Fenerbahçe ní Tọ́kì. Ẹgbẹ́ ńlá kì í fi adẹ́yìnmú tí kò mọ iṣẹ́ sílẹ̀ fún ọdún mẹ́sàn-án. Taribo West ẹ̀wẹ̀ ní irun aláwọ̀ ewé àti ìkanra. Àwọn méjèèjì ló dì í mú ní Atlanta lọ́dún 1996 nígbà tí Nàìjíríà gba wúrà Òlíḿpíìkì, àwọn náà ló sì wà níbẹ̀ ní Ife Àgbáyé ọdún 1998. Ẹni tó bá yin Taribo níwájú yín, ẹ bi í léèrè ta ló ń bò ó láṣìírí nígbà tó bá já jáde. Àmọ́ ṣá, ní ọjọ́ 28, oṣù kẹfà ọdún yẹn, Denmark fi ayò mẹ́rin sí ẹyọ kan lé wa kúrò ní Faransé, a kò sì rí ẹni tó bo ẹnì kankan láṣìírí lọ́jọ́ náà.

Ibi tí àríyànjiyàn ti gbóná jù ni ọdún 2013. Keshi ti di akọ́nimọ̀ọ́gbá nígbà náà. Joseph Yobo ni balógun ikọ̀, ẹni tó ti lo ọdún gbọọrọ ní Everton. Gbogbo ènìyàn rò pé bí Super Eagles ṣe dé Gúúsù Áfíríkà, Yobo ni wọ́n máa kọ́ ẹ̀yìn lé. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìdíje fi wọ ìpele kòmẹsẹ̀-ó-yọ, Keshi fi balógun rẹ̀ sórí bẹ́ńṣì, ó sì gbé Godfrey Oboabona àti Kenneth Omeruo síwájú. Oboabona, ọmọ tí wọ́n bí ní Àkúrẹ́, ń gbá bọ́ọ̀lù fún Sunshine Stars ní ìlú yẹn gan-an; ọmọ ọdún 19 péré ni Omeruo. Ẹ fojú inú wo ohun tí wọn ìbá sọ sí Keshi ká ní Didier Drogba gbá ayò méjì sí wọn lára. Drogba kò gbá ẹyọ kan. Nàìjíríà fi méjì sí ẹyọ kan borí Côte d'Ivoire, wọ́n lu Mali, Sunday Mba sì gbá ayò kan ṣoṣo tí wọ́n fi lu Burkina Faso ní Johannesburg. Ó ku ìṣẹ́jú díẹ̀ kí eré parí ni Yobo tó wọlé, òun ló sì gbé ife náà sókè.

Àwọn kan ní ìwọ̀sí ni Keshi fi lọ Yobo. Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀. Ẹni tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ balógun ikọ̀ ní 1994, tó wo àwọn méjì mìíràn bí wọ́n ṣe ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ ní àṣekágbá, mọ ohun tó ń ṣe. Ó mọ bí ó ti ń dunni, ó sì mọ ohun tó ń mú wá. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ní Ife Àgbáyé ní Brazil, Oboabona fara pa nínú eré àkọ́kọ́ pẹ̀lú Iran, Yobo kan náà ni Keshi ké sí. Níbẹ̀ ni ó ti di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gbá bọ́ọ̀lù fún orílẹ̀-èdè yìí nígbà 100. Ó parí rẹ̀ sí 101. Èyí tó kẹ́yìn ni ti Faransé, níbi tí bọ́ọ̀lù ti kan ẹsẹ̀ rẹ̀ wọ àwọ̀n wa nígbà tí eré ń parí lọ. Àwọn tó ń fi ìyẹn bú u kò yàtọ̀ sí àwọn tó bú Odiye.

Lẹ́yìn wọn ni àwọn ọmọ tí wọ́n bí sí òkè òkun dé. William Troost-Ekong, ọmọ tí wọ́n bí ní Haarlem ní Netherlands, àti Leon Balogun, tí wọ́n bí ní Berlin fún bàbá Yorùbá àti ìyá Jámánì, ni àwọn olólùfẹ́ sọ ní 'Oyinbo Wall'. Ògiri náà ní ihò díẹ̀. Ní Ife Àgbáyé ọdún 2018, Ekong di Mandžukić ti Croatia mú, rẹfirí fún wọn ní pẹnáritì. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá, Mascherano ti Argentina di Balogun mú, àwa náà gba pẹnáritì tiwa, Victor Moses sì gbá a wọlé.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024 ní Côte d'Ivoire, José Peseiro fi adẹ́yìnmú àárín mẹ́ta sílẹ̀ dípò méjì: Ekong, Calvin Bassey àti Semi Ajayi. Fún ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́rin léraléra, ẹnikẹ́ni kò gbá ayò sí wọn. Ní àṣekágbá, Ekong fi orí kan bọ́ọ̀lù wọlé, ó di ayò kẹta tó gbá nínú ìdíje náà. Lẹ́yìn ìsinmi, Kessié dá a padà fún àwọn onílé, nígbà tó sì di ìṣẹ́jú 81, Haller na ẹsẹ̀ síwájú àwọn adẹ́yìnmú wa, ife sì lọ. Wọ́n fún Ekong ní àmì ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó dára jù nínú gbogbo ìdíje náà, èyí tí adẹ́yìnmú kì í sábà gbà.