Ta Ló Ń Dá Ọjọ́ Tí Aláìsàn Yóò Lọ Sílé?

"Màmá, ara yín ti ń mókun. Ẹ lè máa múra ilé." Bí dókítà bá ti sọ bẹ́ẹ̀ láàárọ̀, a máa ń rò pé ó ti parí. Àmọ́ ní ọ̀pọ̀ ọsibítù ilẹ̀ Nàìjíríà, ọmọ màmá ṣì ní láti gbé bíìlì lọ síbi ìsanwó, kó tò, kó gba rìsíìtì padà wá fún nọ́ọ̀sì. Bí rìsíìtì kò bá dé, màmá kò lọ. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn ni pé owó ló ń dá ọjọ́ ìlọsílé fún wa ju ara líle lọ: ó ń lé àwọn kan jáde kí àsìkò tó tó, ó sì ń dá àwọn mìíràn dúró nígbà tí àsìkò ti kọjá.

Ẹ jẹ́ ká mú ìyálọ́mọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ẹni tó bímọ wọ́ọ́rọ́wọ́ sílé ìwòsàn má kúrò níbẹ̀, àtòun àtọmọ, kó tó pé wákàtí 24 ó kéré tán. Ìdí rẹ̀ kò fara sin: inú wákàtí wọ̀nyẹn ni ẹ̀jẹ̀ ti lè ṣàdédé ya lára ẹni tó ti ń rẹ́rìn-ín. Síbẹ̀, ẹbí tó ń ka iye tí ibùsùn ń jẹ lójúmọ́ yóò ní kó dìde. Wọn yóò buwọ́ lùwé pé àwọn lọ lòdì sí ìmọ̀ràn dókítà. Èmi ò fara mọ́ orúkọ yẹn. Ó ń sọ aláìlówó di olóríkunkun.

Ti ẹni tí wọ́n dá dúró tún burú jù. Ara rẹ̀ ti yá, orí ibùsùn tí ẹlòmíràn ń wá ló ṣì wà, owó òní sì ń gun orí ti àná. Abala 35 nínú òfin orílẹ̀-èdè ti 1999 to àwọn ìdí tí a lè fi gba òmìnira lọ́wọ́ ènìyàn. Gbèsè ọsibítù kò sí níbẹ̀. Ní 2015, Ilé Ẹjọ́ Gíga Kenya dá àwọn ìyálọ́mọ tí wọ́n há mọ́ ilé ìgbẹ̀bí nítorí owó láre. Lóòótọ́, owó ni ọsibítù fi ń ra ọ́síjìn àti epo jẹnẹrétọ̀. "Ẹ ṣeun" kì í san owó oṣù. Òfin Nàìjíríà ti 2022 ti sọ ìbánigbófò ìlera di dandan, ṣùgbọ́n àpò ara wọn ni ọ̀pọ̀ ṣì fi ń sanwó.

Owó tún lè ṣiṣẹ́ fún aláìsàn: ní Amẹ́ríkà, láti oṣù kẹwàá 2012, Medicare, ètò ìbánigbófò ìlera tí ìjọba ń ṣe fún àwọn àgbàlagbà, ń yọ nínú owó ọsibítù tí aláìsàn rẹ̀ bá ń padà wá jù láàárín ọjọ́ 30. Ètò náà lábùkù, ó máa ń dun àwọn ọsibítù tó ń tọ́jú tálákà, ṣùgbọ́n ó ń béèrè ohun tí àwa kì í sábà béèrè: báwo lẹni tó lọ ṣe ń ṣe sí?

Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó sanwó ni wọ́n sábà máa ń ṣàlàyé oògùn fún. Màmá jókòó sórí bẹ́ńṣì, báàgì rẹ̀ wà lẹ́sẹ̀. Ọmọ ló ń mi orí sí nọ́ọ̀sì. Tó bá di ọjọ́ Ajé, ọmọ ti padà síbi iṣẹ́. Oríṣi oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mẹ́ta wà lórí tábìlì, màmá ò sì mọ èyí tí í ṣe ti àárọ̀. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì wa, kí bíìlì tó kúrò ní wọ́ọ̀dù lọ síbi ìsanwó, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí màmá fẹnu ara rẹ̀ sọ bí yóò ṣe lo oògùn rẹ̀ fún yín.