Ìtọ́nà Lórí Ìkànnì Ayélujára: Ẹ̀kọ́ Láti Inú Ìtàn Ìlú Àbújá

Ìfáàrà
Yorùbá bọ̀, wọ́n ní abéèrè kì í ṣìnà. Lórí ìkànnì ayélujára, àlejò kò rí ẹni bi léèrè. Àwọn ọ̀rọ̀ àti àmì ojú-ìwé ni afọ̀nàhàn rẹ̀. Nínú bébà yìí, a ṣe àgbéyẹ̀wò bí ọgbọ́n ìtọ́nà yìí ṣe dàgbà, a sì fi ìlú Àbújá ṣe àfiwé. Èrò wa ni pé ojú àlejò ló yẹ kí a fi to ọ̀nà, kì í ṣe ojú onílé.

Ìlú tí a fi àmì tò
Lẹ́yìn àbá ìgbìmọ̀ Adájọ́ Akínọlá Àgùdà, Òfin Kẹfà ọdún 1976 ya ilẹ̀ Àbújá sọ́tọ̀ fún olú-ìlú tuntun. Àwọn ayàwòrán ìlú láti Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń jẹ́ IPA, gbé ètò rẹ̀ kalẹ̀ ní 1979. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá 1991, ìjọba àpapọ̀ kó kúrò ní Èkó lọ síbẹ̀.

Nọ́ńbà ni wọ́n fi pín Garki àti Wuse: Area ni ti Garki, Zone ni ti Wuse. Ní Wuse, ọ̀pọ̀ òpópónà ń jẹ́ orúkọ ìlú Áfíríkà, bí Accra, Lomé àti Libreville. Ní Maitama, orúkọ odò ló pọ̀: Nile, Thames, Mississippi. Ẹni tó bá ti mọ ètò yìí, tó gbọ́ "Mississippi," á kọjú sí Maitama, bí kò tilẹ̀ dé òpópónà náà rí. Àpáta Aso náà wà lókèèrè tí ojú ń rí i.

Ní 1960, Kevin Lynch ti kọ ọ́ pé ohun márùn-ún ni ènìyàn fi ń mọ ìlú: ọ̀nà, ààlà, àdúgbò, oríta àti àmì ńlá. Àwọn tó ń ṣe ìkànnì yá ọgbọ́n yìí lò.

Láti orí ìtọ́ka dé àpótí ìwárí
Ní oṣù Kẹjọ 1991 kan náà ni Tim Berners-Lee, ní ilé ìwádìí CERN, kéde iṣẹ́ rẹ̀ lórí wẹ́ẹ̀bù fún gbogbo ayé. Ìtọ́ka láti ojú-ìwé kan sí òmíràn ni ọ̀nà ìgbà náà. Ní 1994, Jerry Yang àti David Filo bẹ̀rẹ̀ Yahoo. Wọ́n to ìkànnì ní ìsọ̀rí-ìsọ̀rí, bí ọjà tí ìsọ̀ aláta àti ti aláṣọ yàtọ̀ síra. Nígbà tí ọjà náà fẹ̀ jù, ìwárí gbòde. Google dé ní 1998.

Fóònù tún mú ìyípadà wá. Ojú rẹ̀ kéré, nítorí náà ni wọ́n ṣe fi àkójọ ọ̀nà pamọ́ sẹ́yìn ìlà kékeré mẹ́ta, àmì tí Norm Cox yà fún kọ̀ǹpútà Xerox Star ní 1981. Ọ̀pọ̀ àgbà kò mọ̀ pé ilẹ̀kùn ni ìlà mẹ́ta náà.

Ìkànnì ìjọba àti èdè wa
Ọ̀pọ̀ ìkànnì ìjọba ló to ọ̀nà bí ọ́fíìsì ṣe tò: ọ̀gá àgbà, ẹ̀ka, ìròyìn. Ohun tí ará ìlú ń wá ni bí yóò ṣe gba ìwé kan tàbí wo èsì ìdánwò. Bí kò bá rí i, yóò sanwó fún ẹlòmíràn lórí ohun ọ̀fẹ́, tàbí kó bọ́ sọ́wọ́ oníjìbìtì. Ìlànà JAMB, tí olú iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Bwari, sàn jù ní apá kan: láti 2021, akẹ́kọ̀ọ́ ń fi nọ́ńbà NIN rẹ̀ ránṣẹ́ láti orí fóònù, kóòdù sì ń padà wá. Ìgbésẹ̀ kan, ìdáhùn kan.

Èdè náà tún ń dínà. Abala 55 Ìwé Òfin 1999 fàyè gba Yorùbá, Haúsá àti Ígbò nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀, bí ètò tó péye bá ti wà. NERDC ti tẹ ìwé ọ̀rọ̀ ìṣòfin ní àwọn èdè náà láti 1991. Síbẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni àkójọ ọ̀nà lórí ìkànnì ilé náà.

Ìgúnlẹ̀
A dá àbá mẹ́ta. Èkíní, kí orúkọ ọ̀nà jẹ́ ohun tí àlejò fẹ́ ṣe, kí a sì kọ ọ̀rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ àmì. Èkejì, kí àpótí ìwárí mọ Yorùbá tó ní àmì àti èyí tí kò ní: ẹni tó tẹ "oko" lè máa wá ọkọ̀. Ẹ̀kẹta, kí ẹ̀ka kọ̀ǹpútà àti ẹ̀ka Yorùbá ní kọ́lẹ́ẹ̀jì wa jọ ṣiṣẹ́: kí wọ́n pe ìyá ọlọ́jà àti akẹ́kọ̀ọ́, kí wọ́n ní kí wọ́n wá ohun kan lórí ìkànnì, kí àwọn tó ṣe é dákẹ́, kí wọ́n máa wò. Ibi tí àlejò bá ti dúró ni iṣẹ́ kù sí.